Àlọ́ Ìrànwú Tí Ìyálé Mi Fi Ń Wá Ọmọ

Ìyálé mi ni Ọ̀ṣúnṣínà. Òun ló gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó sìn mí wá sílé ọkọ ní Kẹ́mta. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òǹrorò ni, ẹ bi í léèrè bóyá ó bá a gbé rí. Èmi bá a gbé. Ẹnu rẹ̀ mú, òótọ́ ni. Ẹnu tèmi náà kò kú. Ọkọ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n Ọlálẹ́yẹ ọkọ mi, ogun sì ti pa á kí n tó dé ilé náà. Òwú ló ń ran jẹun. Láti àárọ̀ ló ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, ìrànwú á máa yí lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, fọ́nrán òwú á máa gùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ náà kò sì ní sinmi.

Àlọ́ àpamọ̀ ni gbogbo Kẹ́mta fi mọ̀ ọ́n. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí a ti jẹun tán, àwọn ọmọ á pé bò ó.

"Ó kọjá níwájú ọba, kò kí ọba."

"Àgbàrá òjò!"

"Àwa méjì la jọ ń gbé láti ọjọ́ tí a ti bí wa, a kò rí ara wa rí."

"Ẹyinjú!"

Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń hun ún, láti ara ìgbálẹ̀, láti ara ọmọ odó, láti ara àna tó ń ṣọ̀lẹ. Tí ọmọ kan bá ṣi ìdáhùn, inú Ọ̀ṣúnṣínà á dùn sí i ju ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Á rẹ́rìn-ín títí aṣọ á fi tú nídìí rẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ṣàngówùmí ni wọ́n sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí nítorí kí ọ̀rọ̀ lè yé yín ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kì í pè é. Wọ́n ti bí i kí n tó dé ilé náà, nítorí náà ọkọ mi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyàwó wo ló ń pe ọkọ lórúkọ? Eyínmẹ́nugún ni mo sọ ọ́, torí eyín rẹ̀ funfun, kì í sì í pa á dé. Òun náà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́ lékè ìbàdí: "Ìyàwó, wá sun àgbàdo fún mi!" Mo sì ń sun ún, pẹ̀lú oyún nínú. Mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an.

Ọdún tí mo bí àkọ́bí mi ni wọ́n gbé e lọ. Ọ̀nà oko ni, ní ìhà Papalanto, àwọn obìnrin ń lọ ká òwú. Àwọn ajínigbé yọ sí wọn láti inú igbó, oníkálukú sì gba ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e sí. Ọ̀ṣúnṣínà di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọ́n jọ ń sáré. Ó ṣubú. Nígbà tó máa dìde, kò sí ọmọ mọ́. Yéè! Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu. Láti ọjọ́ náà, tí a bá ń ná ọjà, òun ń ké orúkọ ọmọ láàárín ọjà. Èrò tó ń lọ sí Èkó, èrò tó ń bọ̀ láti Àgbádárìgì, orúkọ ọmọ yìí ló ń dì fún gbogbo wọn. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tán.

Nígbà tí ọdún gorí ọdún, àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ òyìnbó gbà sílẹ̀ lórí òkun, tí wọ́n lọ ń gbé ìlú Sàró. Tí ẹ bá rí Aké lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ̀lú, ẹkún àti ẹ̀rín ni. Ìyá arúgbó kan á dì mọ́ àgbàlagbà obìnrin kan, á ní ọmọ òun ni, òótọ́ sì ni. Ọ̀ṣúnṣínà náà ń lọ. Obìnrin kan wá bá a ní ọjọ́ kan, ó ní òun ni Ṣàngówùmí. A pa ewúrẹ́. A jó. Obìnrin náà bá a gbé láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé. Àfi bí ìyá rẹ̀ gan-an ṣe wá láti Ìjẹmọ̀, tó pè é ní orúkọ mìíràn, tí obìnrin náà sì dáhùn. Ó ń sunkún, ó ní òun kò rí ẹbí òun kankan ni, ìdí nìyẹn tí òun fi purọ́. Ọ̀ṣúnṣínà kò bá a jà. Ó bá a di ẹrù rẹ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ní orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Ẹni tó bá wá, àlọ́ kan ló máa ń pa fún un: "Ìyàwó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sójú agbo, bó ti ń jó ni ikùn rẹ̀ ń tóbi."

Wọ́n á ní: "Ìrànwú ni." Ọmọdé wo ni kò mọ̀ ọ́n? Bí ìrànwú bá ti ń yí, òwú á máa wé mọ́ ọn, ikùn rẹ̀ á máa tóbi. Ọ̀ṣúnṣínà á mi orí: "Máa lọ, ọmọ mi kọ́." Ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo ní, "Ìyálé mi, ṣé ìrànwú kọ́ ni ìdáhùn ni?" Ó ní kí n gbájú mọ́ ẹ̀wà mi tó ń jóná. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní tí òun bá sọ ọ́ fún ẹnì kan péré, ẹlòmíràn á tún gbọ́ ọ, á wá fi í tan òun jẹ.

Ọ̀sán gangan ni Hánà dé. Obìnrin kan wọ agbo ilé wa nínú aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ àwọn Sàró, ọkùnrin gíga kan tẹ̀ lé e, ó gbé ọmọbìnrin kékeré kan lọ́wọ́. Obìnrin náà kò tí ì dé iwájú Ọ̀ṣúnṣínà tó ti wólẹ̀ lórí eékún. 

"Ìyá, èmi ni. Èmi ni Ṣàngówùmí. Hánà ni wọ́n ń pè mí ní Sàró. Theophilus ọkọ mi nìyí, káfíńtà ni. Wọ́n sọ fún mi níbẹ̀ pé ogun ti pa yín, ni mo fi sọ ọmọ yìí ní Yéwándé. Àná tí a dé Aké ni mo gbọ́ pé ẹ wà láàyè."

Ìrànwú dúró lọ́wọ́ Ọ̀ṣúnṣínà. Mo rí i pé ó fẹ́ dìde, ó tún jókòó. Ó bá ké sí mi nínú ilé ìdáná: "Ìyàwó Ọlálẹ́yẹ! Wá jókòó tì mí, kí o ṣe ẹlẹ́rìí."

Mo wá, mo jókòó. Obìnrin náà gbójú sókè, ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kí mi: "Ẹ kú ilé o, Ìyá." Mo rí eyín rẹ̀, mo sì rántí Eyínmẹ́nugún. Ṣùgbọ́n mélòó lẹni tí eyín rẹ̀ funfun? Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ọ̀ṣúnṣínà pàlọ́ náà. Hánà la ẹnu rẹ̀. Ó wò mí. Ó pa ẹnu dé. Ó ní, "Ìyá, a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án."

"Dá mi lóhùn!"

Ó tún wò mí, ó sì tẹrí ba. "Ìrànwú ni, Ìyá."

Bí ojú Ọ̀ṣúnṣínà ṣe rẹ̀wẹ̀sì lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run má jẹ́ kí n rí irú rẹ̀ mọ́. "Máa lọ. Ọmọ mi kọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kí a wọlé, àwa méjì péré. Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ níta."

"Ẹni tó kọ́kọ́ wá náà, inú ilé ló ti bá mi sọ̀rọ̀. Dìde lẹ́nu ọ̀nà mi."

Theophilus ló wá fà á dìde. Ó ní, "Hánà, jẹ́ ká lọ. A kì í bẹ èèyàn kó tó jẹ́ ìyá ẹni." Obìnrin náà ń wẹ̀yìn títí wọ́n fi jáde.

Ó tún padà wá lẹ́ẹ̀kan, òun nìkan. Ọ̀ṣúnṣínà tilẹ̀kùn mọ́rí. Kò ju ọdún kan ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà tí a gbọ́ pé ìyàwó káfíńtà Sàró kan kú sórí ìkúnlẹ̀ ní Aké, òun àti ọmọ inú rẹ̀. Ọ̀ṣúnṣínà mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó mà ṣe o! Kí Ọlọ́run tu ìyá rẹ̀ nínú, níbikíbi tó bá wà." Ó sì ń ran òwú rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni Bàbá Túbọ̀sún, aládùúgbò wa, gba Theophilus síṣẹ́ pé kó wá ṣe ilẹ̀kùn sí ilé tuntun tó ń kọ́. Kò sí ẹni tó lè bá a wo ọmọ, ó ń mú Yéwándé dání wá síbi iṣẹ́, ọmọ náà sì ń bá àwọn ọmọ wa ṣeré. Theophilus kò bá wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò di ọmọ lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ jọ, àwọn ọmọ ti pé bo Ọ̀ṣúnṣínà. Àbígbẹ̀yìn mi ọkùnrin ló gba àlọ́ pa: "Ìyàwó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sójú agbo, bó ti ń jó ni ikùn rẹ̀ ń tóbi!"

Kí ẹnikẹ́ni tó fọhùn, Yéwándé ti pariwo: "Ìyàwó Ọlálẹ́yẹ!"

Mo wà nídìí iná. Mo ní, "Ta ló ń pè mí níbẹ̀ yẹn?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń yí gbiri nílẹ̀. Ọ̀ṣúnṣínà kò rẹ́rìn-ín. Ìrànwú bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ọmọ náà mọ́ra.

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi ni. Wọ́n ní bí àwọn ṣe máa ń dá a lóhùn nìyẹn nígbà tí àwọn kéré, tí ìyá àwọn á máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ lójú Ìyàwó Ọlálẹ́yẹ fúnra wọn o, pé àgbà ni wọ́n, pé ìwà àrífín ni." Ó wò yíká. "Ta ni Ìyàwó Ọlálẹ́yẹ?"

Èmi ni. Ìgbà tí mo dé ilé náà, mo tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀, kò sì sí ibi ìkómọ tí n kì í jó, pẹ̀lú ikùn tó ń yọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́ àlọ́, èmi ló rí. Wọ́n wá fi mí ṣe ẹ̀rín nínú yàrá, ìyá àtọmọ, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi. Ká ní wọ́n sọ fún mi ni! Ǹ bá bínú, ǹ bá bá wọn yan odì títí di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ náà ì bá sì tán síbẹ̀. Wọ́n tọ́jú ẹ̀rín pa mọ́ fún mi, ẹ̀rín náà di ẹ̀rí, wọ́n sì wá pè mí kí n wá jókòó sí iwájú ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹ. Ọmọ náà mọ ìdáhùn. Ojú mi ló wò, ló bá bọ̀wọ̀ fún àgbà. Kì í ṣe ẹ̀bi mi, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń dùn mí títí dòní.

Ọ̀ṣúnṣínà kò ké. Ó dìde, ó lọ bá Theophilus níbi tó ti ń di irin iṣẹ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ fún un, àgbà obìnrin níwájú ọmọdé ọkùnrin. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní kó fi ọmọ náà sílẹ̀ fún òun láti tọ́.

Theophilus kò gbóhùn sókè. "Ẹ sọ lójú èmi yìí pé ẹ kò bí ìyá rẹ̀. Ní ọjọ́ tó ń rọbí, ẹ̀yin ló ń pè. Mo ní kí n wá pè yín, ó ní rárá, pé ẹ ti ní òun kọ́. Ìyá, ẹ dìde. Èkó ni iṣẹ́ wà, a ti fẹ́ máa lọ, èmi àti ọmọ mi."

Ohun kan ṣoṣo ló gbà fún un: kó pọn ọmọ náà dé èbúté lọ́jọ́ tí wọ́n máa lọ. Mo bá wọn lọ. Yéwándé ti dàgbà ju ẹni à ń pọ̀n lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, Ọ̀ṣúnṣínà sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ọ̀nà ni ọmọ náà ń sọ̀rọ̀ sí i létí. Nígbà tí a rí omi, ó bi í pé, "Ìyá olówùú, kí lẹ jẹ́ sí wa?"

Ọ̀ṣúnṣínà tún ọmọ náà gbé pọ̀n dáadáa. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń pe èrò. Ó tú ọ̀já, Theophilus gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀.

Ara mi kò gbà á mọ́. Mo gbá a lápá mú. "Ìyálé mi, ẹ sọ fún un! Ẹ sọ fún un kí ọkọ̀ tó ṣí!"

Ó ń wo ọmọ náà, ọmọ náà ń juwọ́ sí i.

"Kí n sọ kí ni, Ìyàwó? Tí mo bá sọ pé èmi ni ìyá ìyá rẹ̀, á bi mí pé níbo ni mo wà nígbà tí ìyá òun ń pè mí."