Ìdájọ́ Ọdún ní Ṣọ́ọ̀bù Zipporah

Ẹni tó bá fẹ́ mọ orin tí yóò gbòde ní Kàbà, kó má wulẹ̀ tan rédíò, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni kó wá. Zipporah lorúkọ tí wọ́n fi ṣèrìbọmi fún un, ṣùgbọ́n Ìyá Ọpẹ́ ni gbogbo ìlú ń pè é. Onídìrí ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà, èmi Miriam, àbúrò rẹ̀, sì gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa. Òun ló kó gbogbo sùúrù tó wà nínú ilé wa, èmi ni mo kó ẹnu. Bí ohùn mi bá le nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fara dà á, nítorí inú tó ń bí mi kò tíì rọ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Zipporah bí. Ebenezer ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, kò sì fẹ́ ọkọ mìíràn mọ́. Ọpẹ́dayọ̀ lorúkọ ọmọ. Nígbà tó dàgbà, ó lọ sí Àbújá, ó ń bá àwọn tó ń to sípíkà sí òde orin ṣiṣẹ́. Orin tí aráyé kò tíì gbọ́, òun ti gbọ́ ọ. Kò sì ní pẹ́ tí á fi wọlé sórí fóònù ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ọmọ náà níwájú rẹ̀: “Ìyá mi, ẹ gbọ́ eléyìí.” Àwọn ọmọge a máa wá láti Òdólú wá tú irun tí kò tíì gbó, nítorí kí wọ́n lè jókòó gbọ́ orin lásán.

Ọpẹ́dayọ̀ àti ìyá rẹ̀ ló dá Ìdájọ́ Ọdún sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ọdún ń parí, tí a bá ti dirun fún ẹni ìkẹyìn, a ó to bẹ́ǹṣì sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà á jókòó, Ọpẹ́dayọ̀ á fi wíìgì funfun kan dé orí, á sọ ara rẹ̀ di adájọ́. A ó dájọ́ orin tó gba ìlú kan àti èyí tó kàn ń pariwo, irun tó buyì kún èèyàn àti èyí tó sọ èèyàn di ẹni ẹ̀sín, olórin tó ṣe bẹbẹ àti èyí tó lọ tú ara rẹ̀ fó lórí fóònù. Lẹ́yìn náà, oníkálukú á sọ ohun kan tó múnú rẹ̀ dùn jù nínú ọdún àti ohun kan tó bà á nínú jẹ́ jù. Wọn á máa pa ara wọn lẹ́rìn-ín títí ìhà á fi máa ro wá. Láàárín ẹ̀rín yẹn ni èèyàn á gbé sọ ohun tí kò lè sọ nílé ọkọ rẹ̀.

Ọdún 2025 kọ́kọ́ ṣe wá dáadáa, kí n má purọ́. Orin kan jáde ṣáájú Àjíǹde tí gbogbo ọmọdé ń jó, wọ́n á fa ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, wọ́n á máa gbọn èjìká. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀, ìbàdí mi ló sọ fún mi pé ọjọ́ ti lọ. Ní oṣù keje, àwọn ọmọbìnrin Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Morocco lẹ́yìn tí àwọn ará ibẹ̀ ti kọ́kọ́ fi góòlù méjì ṣíwájú wọn. Ọpẹ́dayọ̀ pè lọ́jọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ ń pariwo mọ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tí ẹnì kejì ń sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò orí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń ti àwọn ọ̀dọ́ mọ́lé tí aráyé á máa dìbò. Monica, tó ń ta iṣu lódìkejì wa, fẹ́ràn ọ̀kan nínú wọn débi pé nígbà tí oníbàárà kan bú ọmọ náà, ó dìde tòun ti irun tí wọ́n dì dé ìdajì, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kejì ló fi gèlè bo orí wá, pé kí wọ́n bá òun parí ẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, Ọpẹ́dayọ̀ fi ohùn ránṣẹ́, kò sí orin nídìí ẹ̀. Ó ní òun ti rí ìyàwó, ọmọ Ìsánlú ni, òun á mú un wá kí ìyá òun nígbà Kérésìmesì. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́, ó gbé fóònù sí etí gbogbo ẹni tó wọlé. Mo ní kó jẹ́ ká ráyè ṣiṣẹ́. Inú èmi náà ń dùn, mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n rí i ni.

Oṣù kọkànlá ni ọmọ náà kú. Mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Wọ́n ń bọ̀ láti òde orin kan, mọ́tò tó kó wọn takìtì lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, òun kò sì sí lára àwọn tó yè. Ẹbí bàbá rẹ̀ lọ, wọ́n sin ín sí Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà, nítorí a kì í gbé òkú ọ̀dọ́ wálé fún ìyá rẹ̀. Ìyẹn yé mi, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi. Ó sì yé mi pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kàn ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu abiyamọ. Àwọn àgbà ni yóò wá jókòó tì í láàárọ̀, tí wọn yóò fi ẹnu ara wọn sọ ọ́. Títí wọn yóò fi wá, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé ilé ìyá, ìyá kò sì ní ohun tó máa sunkún lé lórí. Ohun tí kò yé mi ni pé wọ́n ní àwọn kò ní lọ.

Baba Lájídé, olórí ẹbí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ló pè wá jọ. Ó ní ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Zipporah ló sì ń ṣáájú ẹgbẹ́ obìnrin jó. Ó ní Kérésìmesì ń bọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ńkọ́? Kí a jẹ́ kó fi ẹ̀rín parí ọdún, bí ọdún bá ti yí, àwọn á lọ bá a. Mo bi í pé ẹ̀rín ta ni. Mo ní obìnrin tó ń gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí sùn, ṣé wọ́n rò pé kò ní wá ọmọ rẹ̀ ni? Wọ́n ní ẹnu mi ti pọ̀ jù láti kékeré, wọ́n ní bó bá gbọ́ ọ tó ṣubú kú, ọrùn èmi ni wọn yóò gbé e kọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dì mí lẹ́nu.

Wọ́n tilẹ̀ ti ronú kan fóònù. Wọ́n rí ti Ọpẹ́dayọ̀ gbà níbi ìjàǹbá náà, wọ́n sì gbé e fún Babátọ́pẹ́, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan ní Àbújá. Wọ́n ní kó kọ ọ́ sí Zipporah bí ẹni pé Ọpẹ́dayọ̀ ló ń kọ ọ́, pé òun bá olórin kan lọ sí Gánà, fóònù òun kì í gbé ohùn mọ́, orin nìkan ni òun lè fi ránṣẹ́. Mo ní wèrè lèyí. Wọ́n ṣe é. Orin ń wọlé, ẹ̀gbọ́n mi sì ń tan sípíkà sí i. Gbogbo Kàbà ló mọ̀. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí i bí a ti ń kíra wa ní Kàbà, “Okun o, Ìyá Ọpẹ́,” wọ́n á sì yára wo ilẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ku díẹ̀, Babátọ́pẹ́ fi orin ìyìn kan ránṣẹ́, orin tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá ń jó. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀, ó ní ọmọ òun ló fi dá àwọn lọ́lá. Lọ́jọ́ ìkórè, ó jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Ó jó débi pé bàtà rẹ̀ bọ́, kò sì bojú wẹ̀yìn. Àwọn obìnrin tó ń tẹ̀ lé e ń fi ìborùn nu ojú, wọ́n ń pe omijé ní òógùn. Mo jáde lọ dúró sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo bú Baba Lájídé títí ìsìn fi parí.

Kò tán síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé aṣọ wá bá mi, pé kí n rán an fún ìyàwó ọmọ òun, kí ọmọ Ìsánlú má bàa wọ Kàbà kó bá àwọn lọ́wọ́ òfo. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo rán an. Mo tú u, mo ní ọrùn ẹ̀ kò gún. Mo tún un rán, mo tún un tú. Ó ń wò mí.

Kérésìmesì dé, Babátọ́pẹ́ kọ ọ́ pé iṣẹ́ ò jẹ́, ó di oṣù kìíní. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun gbé òòyà wá.

Nígbà tí ọjọ́ ìkẹyìn ọdún dé, mo bẹ̀ ẹ́ pé ká fi Ìdájọ́ Ọdún sílẹ̀, ó ṣe tán adájọ́ kò sí nílé. Ó ní ọdún kì í dúró de ẹnikẹ́ni, òun á fúnra òun ṣe adájọ́. Ó to bẹ́ǹṣì. Àwọn èèyàn wá, wọ́n pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mo sì mọ̀ pé àánú ló kó wọn wá. Wọ́n dájọ́ orin, ti Àjíǹde ló wọlé. Monica jà fún ọmọ rẹ̀ orí tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n jàgídíjàgan rẹ̀ kò dé inú. Wọ́n ní kí irun kan tí gbogbo ọmọge dì lóṣù kẹjọ má tún padà wá mọ́ láéláé.

Ó wá kan ti ara ẹni. Ẹ ò rí i bí ìbànújẹ́ ṣe kéré lọ́jọ́ yẹn. Ẹnì kan ní adìẹ òun kú. Ẹnì kan ní wọ́n já bàtà òun gbà lọ́jà. Monica, tí ọkọ rẹ̀ lo gbogbo ìgbà òjò lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, dìde, ó ní eku ló jẹ wíìgì òun. Kò sẹ́ni tó láyà láti gbé ìrora gidi kalẹ̀ níwájú obìnrin yẹn.

Ó kan Zipporah. Ó ní ohun tó múnú òun dùn jù ni pé ọmọ òun rí ìyàwó. Ẹnì kan ní ohun tó bà á nínú jẹ́ ńkọ́, bóyá ó kàn gbàgbé ara rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi wò wá, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pẹ́ díẹ̀ lójú èmi.

“Ẹ jẹ́ kí tèmi dúró ná,” ló wí. “Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀.”

Monica yára lọ tan orin.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ọdún tuntun, wọ́n wá. Baba Lájídé ló ṣáájú, pẹ̀lú ẹni àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, Monica, àti nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ní kó dúró nítòsí. Wọ́n jókòó sí pálọ̀ Zipporah, èmi náà jókòó tì wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì dìde mọ́. Baba bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó dúpẹ́ ọdún, ó sọ̀rọ̀ nípa Jóòbù, ó sọ̀rọ̀ nípa obìnrin kan ní Iyara tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí tó sì gbà fún Ọlọ́run. Ó ń yí i, ó ń yí i. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó mu omi, ó tún padà sórí Jóòbù.

“Baba,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “mo rí àwòrán ọmọ mi ní oṣù kọkànlá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé e sórí fóònù, ó fi àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Orí ọmọ iléèwé kan wà láàárín orúnkún mi nígbà yẹn. Kí n tó tún wò, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Mo parí irun ọmọ yẹn. Mo lọ sílé, mo gbálẹ̀, mo to àga sílẹ̀ dè yín.”

Baba ní háà, kí ló dé tí kò fi béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni?

“Kí n béèrè kí ni? Ẹ̀yin lẹ máa ń wá. Ẹ kò wá. Orin ló wá. Mo ní bí Ọpẹ́dayọ̀ bá ti kú, Baba Lájídé ì bá ti jókòó nílé mi. Mo ní òkú kò lè máa fi orin ránṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi orin ránṣẹ́ sí mi?”

Baba wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹni ṣọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, kò parí ẹ̀. Monica ti ń sunkún. Láti oṣù kọkànlá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jó mi lẹ́nu, mo ti rò pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà mí láyè, n ó sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Babátọ́pẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọpẹ́dayọ̀ ti kú.”

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n sọ iye owó iṣu fún. Ó ní, “Èyí tí mo jó ní ìkórè ńkọ́?”

Mo ní Babátọ́pẹ́ náà ni.

Ìgbà yẹn ló ké. Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Baba Lájídé na ọwọ́ sí i, ó gbá a dànù. Mo na tèmi sí i, ó gbá tèmi náà dànù.