Irin Kò Lè Yè Níbí

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pálọ̀ bàbá mi ni àwa ọmọ àdúgbò ti máa ń wo eré tẹlifíṣọ̀n kan tí àwọn ẹ̀rọ onírin ti ń pa èèyàn. Ohùn wọn dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń bú ẹlòmíràn láti inú garawa. Ẹ̀rù wọn bà wá gan-an, àmọ́ a ní ìtùnú kan: wọn ò lè dé ìlú wa. Orí òpó ni ilé wa wà létí òkun, afárá pákó la sì ń rìn. Irin tó wúwo báyẹn á já pákó, á rì sínú ẹrẹ̀, iyọ̀ á sì jẹ ẹ́.

Nígbà tó yá, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilé. A tú pákó ilé wa, a kó o sẹ́yìn, a tún un kàn. Òkun tún bá wa níbẹ̀. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ ńlá kan wá láti Igbókòdá, wọ́n ní yóò fi yanrìn dí òkun. Ìyá mi kúnlẹ̀ gbàdúrà fún un bí ẹni ń gbàdúrà fún ọmọ. Kò pẹ́ tí àwọn tó gbé e wá fi bá tiwọn lọ láìdágbére, ojú ò tì wọ́n. Wọn ò gbé ẹ̀rọ náà lọ, wọn ò sì fi dí nǹkan kan.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ti rì dé àyà sínú ẹrẹ̀, iyọ̀ ti jẹ ẹ́, ibi tí pálọ̀ bàbá mi wà ti di omi. A ò kúkú parọ́ lọ́mọdé. Irin ò lè yè níbí. A ò kàn mọ̀ pé a máa fẹ́ kó yè ni.