Òpó Tí Bàbá Ní Kí Wọ́n Ṣí Kúrò Lọ́nà

Lọ́jọ́ tí Jùnáídù Bíríkìlà gbé àkéte òkú wọ ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Bantama, ní ìlú Kumasi ní Ghana, àwọn kan ti bú sẹ́kún kí wọ́n tó béèrè ẹni tó kú. Àkéte mọ́sáláṣí Moshie Zongo ni, èyí tí wọ́n fi ń gbé òkú lọ sí itẹ́. Ó dì í mọ́ orí tàkísì, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó síwájú bí ọkọ ìyàwó. Ilé ìwòsàn ńlá kò jìnnà síbẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kò rú ẹnikẹ́ni lójú. Kwaku tó ni ṣọ́ọ̀bù bọ́ fìlà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé ta ni.

“Èmi ni,” ni Bàbá dáhùn. “Mi ò tíì kú. Mo wá wò ó bóyá màá gba ibẹ̀ kọjá.”

Nímátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń bá Kwaku ṣiṣẹ́, fi ọwọ́ bo ojú. Òun nìkan ló mọ ohun tó gbé bàbá rẹ̀ dé.

Kumasi ni wọ́n bí Jùnáídù sí, àmọ́ bí ẹ bá bi í, ọmọ Ìlọrin ni. Ogójì ọdún ló fi mọ ògiri, kò sì gba ohunkóhun gbọ́ bí kò ṣe plọ́ńbù rẹ̀, okùn tí irin rọ̀ nídìí. Lọ́dún 1984, onílé kan jókòó síwájú ilé tuntun, ó ní ògiri tó mọ fún òun wọ́. Bàbá kò bá a jà. Ó rọ plọ́ńbù sára ògiri, ó gún. Ó rọ̀ ọ́ sára ilẹ̀kùn, ó gún. Ló bá ní kí onílé dìde, ó dojú àga rẹ̀ délẹ̀, ó wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀kan kúrú. “Ọ̀gá,” ni Bàbá wí, “ògiri ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ wọ́.”

Bó bá sì parí ilé, ìdí ògiri ibẹ̀ ni yóò ti jẹun ọ̀sán, á fẹ̀yìn tì í gbọnin. Ó ní ẹni tí ọkà kò bá lè dùn mọ́ lẹ́nu lábẹ́ ògiri tó mọ, kí ó lọ máa ta iyọ̀ lọ́jà Kejetia.

Lọ́dún 1996, ilé ẹbí wọn ní Moshie Zongo fẹ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tuntun. Kwaku náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya ilé. Nímátù ti fi ọdún mẹ́ta tẹ lẹ́tà fún ẹni ẹlẹ́ni, iṣẹ́ náà ti sú u, ló bá kọ́ ètò yìí lákọ̀ọ́dunjú. Kwaku sọ fún un pé bí bàbá rẹ̀ bá fi àwòrán rẹ̀ kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, iṣẹ́ ilé yíyà di tirẹ̀. Bí bàbá bá kọ̀ ọ́, kí ó padà sídìí lẹ́tà, nítorí ta ni yóò sanwó fún ohun tí bàbá ẹni kò gbà?

Nímátù bá pe Bàbá wá wò ó. Ó tẹ nǹkan, ògiri dìde lójú kọ̀ǹpútà.

“Ta ló po sìmẹ́ńtì?” ni Bàbá béèrè.

Nímátù gbé bíìmù, ìtì kọnkéré tó ń ru òrùlé, lé òpó mẹ́ta. Bàbá ní kí ó yọ àwọn òpó náà. Ó yọ wọ́n. Bíìmù dúró sójú òfuurufú, òrùlé kò mì. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Nímátù, ilé tí kò lè wó kò tíì di ilé.”

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ní òun kò gbà. Nímátù dá àwọn òpó padà, òpó àárín sì dojú kọ ilẹ̀kùn gbàgà. Bàbá béèrè ibi tí wọn yóò gbé òun gbà lọ́jọ́ tí òun bá kú. Nímátù ní kí Ọlọ́run dá wọn sí, pé bó bá di ọjọ́ náà, wọ́n á kàn fẹ̀gbẹ́ gbé àkéte díẹ̀ ni.

Bàbá wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. “Èmi tí mo fi ogójì ọdún wá ohun tó gún? Kí n wá fẹ̀gbẹ́ jáde nílé ara mi?”

Ọjọ́ kejì ló gbé àkéte dé.

Ó tẹ́ ẹ sáàárín ṣọ́ọ̀bù, ó wọn ìbú rẹ̀. Ó ní èjìká àwọn tó ń gbé e ló kù, kí Kwaku àti oníbàárà kan wá dúró bí agbókùú. Oníbàárà náà rántí pé òun gbé omi kaná nílé.

Nímátù tẹ ìwọ̀n náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó yọ òpó àárín, ó fi méjì pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilẹ̀kùn, ọ̀kan lápá òsì, àlàfo ńlá wá wà láàárín wọn. Bàbá sún mọ́ ọn. Ó ní àlàfo ti fẹ̀, bíìmù gbọ́dọ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀, kí irin inú rẹ̀ sì di mẹ́rin. Nímátù mú kí ó nípọn.

Kwaku béèrè ìdí tí kọ̀ǹpútà fi dákẹ́, tí kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

“Kò gbé ẹrù rí,” ni Bàbá wí.

Nígbà tí Nímátù tẹ àwòrán náà sórí ìwé, Bàbá fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ ọ́ sí etí rẹ̀ pé òun ti rí i, òun gbà. Àwòrán náà ló fi kọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, láti ọjọ́ náà Nímátù kò sì tẹ lẹ́tà fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Lọ́dún kejì, nígbà òjò, àìsàn ọ̀sẹ̀ kan mú Bàbá lọ. Bákàrè, àbúrò rẹ̀, ló ṣíwájú àwọn tó gbé e. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ilé àtijọ́ tí ọ̀nà rẹ̀ há ló wà lọ́kàn Bákàrè, ó ní kí wọ́n fẹ̀gbẹ́ gbé e.

Nímátù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. “Ẹ má fẹ̀gbẹ́ gbé wọn, Bàbá Bákàrè,” ló sọ. “Wọ́n á kọjá.”

Wọ́n sì kọjá. Kwaku, tó wọ aṣọ dúdú láàárín àwọn aláṣọ funfun, na ọwọ́ sáàárín èjìká Bákàrè àti òpó bí wọ́n ṣe ń lọ, ó wá gbé ìka mẹ́rin sókè fún Nímátù. Àyè ìka mẹ́rin ló ṣẹ́ kù láàárín. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Nímátù kí ẹkún tó dé, àwọn tó mọ ìtàn náà sì bá a rẹ́rìn-ín nínú òjò, bí Bàbá ṣe ń jáde nílé rẹ̀ tó gún régé.