Lọ́fínńdà Lójú Àkúbà

Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, ẹrù díẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi rù dé Ìlọ́bù, ṣùgbọ́n "ní Kùmásí" tí wọ́n kó dé kò lóǹkà. Kò sí ohun tí a ń ṣe nílé wa tí Kùmásí kì í ṣe jù wá lọ.

Nígbà tí ọmọbìnrin wọn fẹ́ lọ sílé ọkọ ní Ìfọ́n, wọ́n búra pé àwọn fúnra àwọn ni yóò fi ìlù sin ín jáde. Wọ́n ní kí agbẹ́gilére kan gbẹ́ àkúbà fún àwọn, ìlù gbọọrọ tí a ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé ẹ̀gbẹ́ agbẹ́gilére ni mo ń jókòó sí. Igi ọ̀mọ̀ ló lò, nítorí kì í tètè là. Ó gbẹ́ inú rẹ̀ láti orí, ó gbẹ́ ẹ láti ìdí, títí ihò méjèèjì fi pàdé. Ó ku awọ. Awọ abo ewúrẹ́ ló dára jù: ó fẹ́lẹ́, ó sì ń tètè dáhùn.

"Awọ abo kẹ̀?" ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi wí. "Ní Kùmásí, awọ òbúkọ ni ọkùnrin ń lù."

"Bàbá, á rùn o," ni agbẹ́gilére fèsì.

"Ṣé imú lẹ fi ń gbọ́ ìlù ní Ìlọ́bù ni?"

Agbẹ́gilére rẹ awọ òbúkọ sómi, ó fá irun rẹ̀, ó fi èèkàn igi kàn án mọ́ ìlù, ó sì sá a. Ìlù náà dún dáadáa, àmọ́ òórùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Láàárọ̀ ìgbéyàwó, ìyá ìyàwó fọwọ́ bo imú. "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, àwọn àna ń bọ̀ o!"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ojú ìlù, wọ́n da ìgò lọ́fínńdà kan lé e, wọ́n sì fi pa á bí ìpara ọmọ tuntun. Mo ní awọ tó bá mu omi á dẹ̀. Wọ́n ní awọ Kùmásí kì í dẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọjà Ìlọ́bù la ti ra òbúkọ ọ̀hún.

Àwọn àna dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́wọ́ sókè, wọ́n lù ú: pọ̀. Wọ́n tún un lù: pọ̀, bí ìgbà téèyàn gbá ìrọ̀rí.

Ìyá ọkọ kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá wa. Ẹ̀yin ará Ìlọ́bù mà láájò èèyàn o: ìlù yín kì í jí ọmọ tó ń sùn, ó sì ń ta sánsán!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin bá pàtẹ́wọ́, wọ́n fi orin mú ìyàwó jáde, ọkọ̀ sì gbé e lọ sí Ìfọ́n.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò wọlé. Wọ́n jókòó sínú oòrùn, wọ́n fi ìlù há orúnkún, wọ́n ń tẹ awọ wò. Nígbà tó yá, ó gbẹ. Wọ́n lù ú, ó dún ketekete. Ìlù gidi ni, n ò ní purọ́. Wọ́n wá kọjú sí ọ̀nà Ìfọ́n, wọ́n sì lu gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ lù fún ọmọ wọn.