Ọkùnrin Tó Ní Kò Sẹ́ni Tó Gbé Ibẹ̀ Rí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni ọmọ tí wọ́n máa ń rán káàkiri abúlé wa láàárọ̀. Ìdí-Ìyeyè lorúkọ abúlé náà, kò sì tóbi. Ilé mẹ́sàn-án péré ni, láti ibi tí ọ̀nà ti yà kúrò lójú ọ̀nà Àtàn títí dé etí odò. Bí obìnrin kan bá bímọ, tàbí tí ara ẹnì kan kò yá, tàbí tí bàbá mi fẹ́ ṣe sàárà, èmi ni màá máa lọ láti ilé dé ilé. Bí a ṣe ń ṣe é, ẹ̀yin ọmọ mi, ó ní ètò. Ilé tó kọ́kọ́ kan ọ̀nà lo máa ti bẹ̀rẹ̀, wàá sì máa tò ó lọ títí dé etí odò. O ò gbọdọ̀ fo ilé kankan. Ìyá mi àti obìnrin tó ń ta ata ní ilé kẹrin lè má kí ara wọn fún oṣù kan, síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kí n ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ìyá mi ní kí n sọ fún yín." Obìnrin náà á dá mi lóhùn pé, "Sọ fún ìyá ẹ pé mo gbọ́, àmọ́ mi ò kí i o!" Màá wá sáré lọ sí ilé karùn-ún.

Mo ti lọ́kọ, mo ti ń gbé Ọ̀tà níbí, nígbà tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá wá gba ilẹ̀ náà. Katakátá wọlé, ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ. Àwọn kan kó lọ sí Ìgbẹ́sà, àwọn kan Ṣàngó, àwọn mìíràn gba Èkó lọ. A ṣì máa ń rí ara wa níbi ìsìnkú nígbà náà. Nígbà tó yá, àwọn tó ń wá síbi ìsìnkú náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹni tí à ń sin. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù fún mi, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìgbẹ́sà tí a jọ ń pọnmi. Ìyẹn náà ti lọ. Láti ìgbà tó ti lọ, kò tún sí ẹni tí mo lè sọ fún pé, "Ṣé o rántí?"

Ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọ mi wà lọ́nà jíjìn. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní fákitírì kan ní Ṣàngó ló máa ń wá wò mí ní ọjọ́ Àìkú. Òun ló fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin òǹkọ̀wé kan sórí fóònù mi. Ìtàn ni ọkùnrin náà ń sọ: bí àwọn ìlú ṣe tẹ̀dó, ẹni tó ta ilẹ̀ àti ẹni tó rà á, ẹni tó jẹ́ ọba tí kò yẹ kó jẹ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ le. Kò bẹ̀rù olóṣèlú, kò bẹ̀rù olówó, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ẹnu rẹ̀ mọ́ débi pé èmi tí kò lọ sí iléèwé tó ọdún mẹ́rin ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tó máa fi ń parí ọ̀rọ̀ ni pé, "Ẹ má kàn gbà mí gbọ́ o. Ẹ lọ bi àwọn àgbà yín." Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó wá bi mí.

Lẹ́yìn ìrun àsárì ni mo máa ń gbé e sí i, tí màá máa gé ilá tàbí kí n máa ṣa ẹ̀wà. Bó bá ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" màá ní, "À ń gbọ́ yín." Ọmọ ọmọ mi ká mi mọ́ ọn lọ́jọ́ kan.

"Màmá àgbà, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọkùnrin yìí ni."

"Há, Màmá! Kò lè gbọ́ yín o. Fídíò ni!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó béèrè."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ilé iṣẹ́ tó yí Ọ̀tà ká. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ kí n lè gbọ́ dáadáa. Ó dé orí ọ̀nà Àtàn, ó dárúkọ ibi tí abúlé wa wà gan-an, ó ní, "Igbó lásán ni ibẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó gbé ibẹ̀ rí." Mo ní, "Rárá o, àwa la gbé ibẹ̀." Ó ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Mo tún sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ lóòótọ́ pé kò gbọ́ mi.

Ẹ gbọ́, mi ò bínú. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Bí ẹni tí gbogbo ènìyàn gbà gbọ́ bá ti sọ pé a kò sí, tí èmi náà bá sì lọ, ó parí nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi tan fóònù náà, ilé wá pa rọ́rọ́. Ọmọ ọmọ mi ló wá sọ pé ọkùnrin náà ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Ọ̀tà níbí.

Mo ní, "Wàá mú mi lọ."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ lọ bá a jà ni?"

"Mo fẹ́ lọ jíṣẹ́ ni."

Àwọn ọ̀dọ́ ló kún ibẹ̀. Nígbà tí àkókò ìbéèrè dé, mo nàwọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn mí. Ọmọkùnrin tó mú máìkì wá ní, "Màmá, ìṣẹ́jú kan péré o."

"Ìṣẹ́jú kan kò lè ká ilé mẹ́sàn-án, ọmọ mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Ọkùnrin náà wò mí, ó ní, "Màmá, ṣé ìwé kankan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí?"

Mo ní, "Kò sí. Bàbá mi kò mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn ilé náà fún yín."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ilé alágbẹ̀dẹ. Ilé tiwa. Ilé ìyá elépo. Ilé aláta. Ilé lèmọ́mù. Ilé àwọn ìbejì. Mo wá dé ilé keje, kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo rí ẹnu ọ̀nà, mo rí ìkòkò omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rí àwọn tó ni ín. Mo bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹnì kan máa rán mi létí. Ojú ọmọdé nìkan ni mo rí. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ọkùnrin náà gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Ẹ máa fò ó, Màmá, kò burú."

Mo ní, "A kì í fò ó. Mo ti gbàgbé wọn ni. Ẹ bá mi kọ ọ́ pé ilé kan wà níbẹ̀." Mo dúró títí ó fi kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni mo dárúkọ ilé bàbá tó ń hun agbọ̀n, àti ti opó tó ń gbé etí odò.

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò béèrè."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tuntun sí i. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tó fi sọ pé òun ṣàṣìṣe, pé ènìyàn gbé ibẹ̀. Ó dárúkọ Ìdí-Ìyeyè. Ó ka ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bí mo ṣe kà á, nígbà tó dé ilé keje, ó ní, "Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n, kó sọ fún wa."

Mo bojú wo inú yàrá bóyá ẹnì kan bá mi gbọ́ ọ. Àga ọkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé ijọ́un, ìròyìn ò ju ilé mẹ́sàn-án lọ, ṣùgbọ́n mo mọ ojú gbogbo àwọn tí mo bá sọ ọ́ fún. Ní báyìí, wọ́n ní àìmọye ènìyàn ló ti gbọ́ orúkọ abúlé wa lẹ́nu ọkùnrin yẹn, jákèjádò ayé. Mo dúpẹ́. Kò kàn sí ẹyọ kan nínú wọn tí mo lè lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀.

Mo fọwọ́ kan fóònù náà kó padà sẹ́yìn, ọkùnrin náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ilé alágbẹ̀dẹ.