Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Kẹ̀kẹ́ Mi ní Ìkòtún

Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi yín ṣẹ̀fẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an, kì í ṣe pé ẹnì kan ló sọ fún ẹnì kan. N kì í mu ọtí. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mo wà nínú kúáyà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ògì àti àkàrà méjì péré ló wà níkùn mi.

Tíṣà ìṣirò ni mí ní ilé ìwé kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá. Ìgándò ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ Èkìtì sì ni àwa méjèèjì. Nígbà tí mo rí i pé àtiwọ ọkọ̀ láàárọ̀ ti di ìjàkadì, mo lọ ra kẹ̀kẹ́. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ márúwá o! Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà ni mò ń sọ. Tòkunbọ̀ ni, ó ní agogo, ó sì ní kárìà lẹ́yìn tí mo máa ń so báàgì mi mọ́.

Bàbá Ṣadé, ìyẹn ọkọ mi, wò ó títí. Ó ní, "Ìyá Ṣadé, ọjọ́ tó o bá ṣubú, má pe fóònù mi o."

Ẹni tí kò bá tíì gun kẹ̀kẹ́ láti Ìgándò dé Ẹ̀gbẹ́dá kò tíì mọ bí àwọn èèyàn ṣe lẹ́nu tó. Àwọn ọlọ́kadà á ní kí n kúrò lọ́nà wọn, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn náà á ní kí n kúrò lọ́nà tiwọn. Ọkọ̀ akẹ́rù á fọn fèrè sí mi létí bíi pé èmi ni mo gbẹ́ gbogbo kòtò tó wà lójú títì. Àwọn kọ̀ǹdọ́kítọ̀ á yọrí, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ yí jíà o!" Tí mo bá débi tí omi dárogún sí, màá sọ̀ kalẹ̀, màá ká ṣòkòtò tí mo wọ̀ sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì sókè, màá sì gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká. Ó ti mọ́ mi lára. Kódà, mo ti ń fẹ́ràn ẹ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdè kan ni, lásìkò ọyẹ́. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ nílé ìwé wa, ọ̀gá wa sì ti kìlọ̀ pé bí mo bá tún fi lè pẹ́ dé, òun á fún mi ní kúẹ́rì. Torí náà, aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni mo ti wà lójú títì. Kùrukùru bo gbogbo ibi.

Kí n tó dé Ìkòtún, mo dẹwọ́ eré níwájú ibùdókọ̀ kan kí àwọn èrò lè sọdá. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ báyìí ni ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wálẹ̀.

Gbì. Bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó.

Mo rò pé táyà ti jò. Mo bojú wẹ̀yìn. Báàgì mi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo tún ń wà á lọ, ó wúwo bíi pé mo gbé àpò sìmẹ́ǹtì. Òógùn bò mí nínú ọyẹ́, ẹ gbọ́ mi ṣá?

Ọlọ́kadà kan sún mọ́ mi. Ó ní, "Màmá, ẹ kú ìyà o. Kí ló dé tí Dádì ò bá yín wà á?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n ti bú mi jùyẹn lọ.

Kọ̀ǹdọ́kítọ̀ ọkọ̀ kan tún yọrí: "Alàgbà, ẹ di ìyàwó yín mú dáadáa o, ọ̀nà ò dára!" Gbogbo èrò ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo tún bojú wẹ̀yìn.

Mo yà sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní Ìkòtún. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo di kẹ̀kẹ́ mú, mo ní kó bá mi wo táyà ẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Táyà yín ò ṣe nǹkan kan jàre. Ẹrù ló pọ̀ jù fún un." Ó gbójú sókè sí kárìà, ó sì tẹrí ba. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀ kalẹ̀, kí n fún un ní atẹ́gùn díẹ̀."

Mo ní, "Ta lò ń kí?"

Ó wò mí. Ó wo kárìà. Ó tún wò mí. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Màmá, ta lẹ gbé?"

"Báàgì mi."

Ó rọra gbé pọ́ǹpù ẹ̀ sílẹ̀. Kò sáré o, ṣùgbọ́n irú ìrìn tó rìn yẹn, n kò rí irú ẹ̀ rí. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì tó wà lẹ́yìn ẹ̀, mo sì gbọ́ tó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Tí mo bá fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní Ìkòtún, wọ́n á ti gbé e lọ kí n tó ṣe àmín. Àwọn aláyẹ̀wò sì wà lọ́nà. Kí n má parọ́, ìbẹ̀rù kúẹ́rì ju ìbẹ̀rù òkú lọ láàárọ̀ yẹn. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi padà.

Ìgbà yẹn ni mo wá gbóòórùn káńfọ̀, irú èyí tí a ń fi sáàárín aṣọ nínú àpótí. Mo fi orin ìsìn sẹ́nu. Mo kọ ìlà kìíní. Nígbà tí mo dé ìlà kejì, ẹnì kan bá mi gbè é lẹ́yìn ọrùn mi, ohùn bàbá, nísàlẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ. Ó ń yẹ̀ kúrò lórí ohùn. Mo fẹ́ tún un ṣe, mo rántí ẹni tí mo fẹ́ tún ṣe, mo pa ẹnu mọ́.

A dé Ìdímù. Ohùn yẹn ní, jẹ́jẹ́, "Ó wà o."

Bí èrò tó fẹ́ sọ̀ ṣe ń sọ fún kọ̀ǹdọ́kítọ̀ gẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ mi kúrò lórí pẹ́dà, mo tẹ bíréèkì. Àfi bí típà ẹlẹ́rù iyanrìn kan ṣe fi ẹ̀yìn rìn jáde láti inú ọgbà kan níwájú mi, kò fọn fèrè, kò tan iná. Díẹ̀ ló kù kí ó kan táyà iwájú mi.

Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá ó gbà mí là ni, àbí ibùdókọ̀ ẹ̀ la dé.

Kẹ̀kẹ́ fúyẹ́. Ẹnì kan húkọ́ díẹ̀, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ó di ọ̀la."

Mo pẹ́ dé ilé ìwé. Ọ̀gá fún mi ní kúẹ́rì, ó ní kí n kọ ìdí tí mo fi pẹ́. Mo jókòó ti bébà yẹn fún wákàtí kan gbáko. Ohun tí mo kọ ni pé kẹ̀kẹ́ mi wúwo.

Lọ́jọ́ Fúráídè, ọkọ̀ ni mo wọ̀. Bàbá Ṣadé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Láàárọ̀ Sátidé, ó gbé kẹ̀kẹ́ náà, ó ní òun fẹ́ gùn ún dé Ìkòtún kí n lè mọ̀ pé ọ̀lẹ ni mí. Nígbà tó máa padà, ó ń tì í bọ̀ ni, ẹ̀wù ẹ̀ ti rin gbingbin.

"Táyà jò," ló wí.

Mo tẹ táyà. Ó le. Mo gbóòórùn káńfọ̀ lára ẹ̀wù ọkọ mi.

"Bàbá Ṣadé, ta lo gbé?"

Ó wọ balùwẹ̀ lọ.

Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ mi, ọ̀nà mìíràn ni mò ń gbà. Ọkọ mi ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ojú wíńdò ló máa ń dúró sí láràárọ̀, á máa wò mí títí màá fi yà sí títì. Mo bi í pé kí ló ń wò. Ó ní, "Má bojú wẹ̀yìn. Ṣá máa lọ."

Ìwọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́, tí kẹ̀kẹ́ rẹ bá ṣàdédé wúwo lójú ọ̀nà títẹ́jú, tí táyà sì le, má pariwo. Rọra bi ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ léèrè ibi tó máa ti sọ̀. Bó bá ní ibi tí o ń lọ lòun náà ń lọ, mo bẹ̀ ọ́, má gba ilé rẹ lọ.