Bí Bàbá Atukọ̀ Ṣe Padà Wá sí Ṣómólú

Òórùn ínkì tútù ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Ṣómólú, kí ènìyàn kankan tó kí mi. Ìsẹ́yìn ni mo ti wá, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún, tí ìwé rẹ̀ ò ju kíláàsì kẹta lọ, tó sì rò pé gbogbo Èkó ló jókòó tó ń dúró de òun. Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Bajulaiye ló mú mi lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ kò wo ojú mi, ọwọ́ mi ló wò. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ yìí kì í làágùn?" Mo ní rárá, kì í làágùn. Ó ní kí n jókòó. Bí mo ṣe di òṣìṣẹ́ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á rò pé lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tẹ ojú ewé ìwé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bébà ńlá tó fẹ̀ bí ojú tábìlì ni wọ́n ń tẹ̀, ọ̀pọ̀ ojú ewé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa obìnrin la ó wá ká bébà náà, ká tún un ká, títí yóò fi di ìdì pẹlẹbẹ kan. A ó to àwọn ìdì náà jọ sórí tábìlì gígùn, láti orí èkíní dé orí ìkẹyìn, a ó sì máa yí tábìlì po, ká máa mú ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ká aṣọ lórí okùn. Bí a bá yí i po tán, ìwé kan ti pé lọ́wọ́ wa nìyẹn. Ó ku ká fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ẹ̀yìn rẹ̀, ká fi gọ́ọ̀mù lẹ èèpo mọ́ ọn, ká sì gbé e fún ọkùnrin agéwèé kó fi ẹ̀rọ gé etí rẹ̀ dọ́gba. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni, iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò gba kíkà púpọ̀.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé kan gbé ìtàn kan wá tó gùn débi pé ìwé mẹ́ta ló gbà. Ìtàn ọmọbìnrin oníyọ̀ kan ni, tó ń lọ gba iná ìlú rẹ̀ padà lọ́wọ́ ọba olójú méje tó jí i gbé. Ọkùnrin kan a máa ka ọ̀rọ̀ náà sókè nínú ilé ìtẹ̀wé, kí ẹnì kejì lè máa fi ojú wá àṣìṣe, àwa tí à ń ká bébà náà a sì máa gbọ́. Ìgbà mìíràn wà tí abẹ́rẹ́ á dúró sójú kan lọ́wọ́ wa. Nínú gbogbo àwọn tó wà nínú ìtàn náà, Bàbá Atukọ̀ la fẹ́ràn jù, àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀, tó ti ń ran ọmọbìnrin náà lọ́wọ́ láti ìwé kìíní. Ọ̀gá ṣètò rẹ̀ débi pé orí ìtàn kan gba ìdì kan gééré; ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá kún dé, wọ́n a fi àwòrán dí i. Wọn kì í kọ nọ́ńbà sí orí ìtàn, ìsàlẹ̀ ewé nìkan ni nọ́ńbà wà.

Ìwé kejì la ń kó jọ lọ́jọ́ tí òjò ńlá rọ̀, tí òrùlé sì ń jò sórí tábìlì. Èmi ni mo sáré gbé ìdì kẹsàn-án àti ìdì ìkẹwàá kúrò lábẹ́ ibi tó ń jò. Nígbà tí òjò dá, èmi náà ni mo dá wọn padà. Ìkẹwàá ni mo gbé sípò ìkẹsàn-án, mo gbé ìkẹsàn-án sípò ìkẹwàá, mo sì ń kọrin lọ. Ọgbọ́n ń bẹ nínú mi nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó fara pa mọ́ sí. Nígbà tí mo fi máa rí i pé nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ewé fò, tó tún padà sẹ́yìn, ìwé tó kún ògiri kan ni a ti rán, tí gọ́ọ̀mù ti gbẹ lẹ́yìn wọn.

Níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá ti lé obìnrin kan lọ nítorí pé ó lẹ èèpo ìwé sódì. Mo lọ bá ọkùnrin agéwèé níbi ẹ̀rọ rẹ̀. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi sọ ọ́ tán. Ó ní, "Ta lo tún sọ fún?" Mo ní kò sí. Ó ní, "Gbé wọn wá." Ó sún ìwé wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, ó tẹ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, gbogbo nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ewé sì já bọ́ sílẹ̀ wálawàla. Nígbà tí ọ̀gá dé, ó pariwo títí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. "Ṣé ojú ń dùn ẹ́ ni, àbí o fẹ́ sọ mí di aláàárù?" Agéwèé ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá, ọ̀bẹ ló yẹ̀." Ìyà tí ọ̀gá fi jẹ ẹ́ ni pé oṣù méjì gbáko ló fi gbálẹ̀ ilé ìtẹ̀wé. Ìwé wọ̀nyẹn kò lè dé ilé ìtàwé mọ́, wọ́n bá tà wọ́n lọ́pọ̀ fún àwọn ará àdúgbò, láti Bajulaiye dé Fola Agoro, dé Fádèyí, dé Bàrígà. Àwọn tó pé, tí a kó jọ lẹ́yìn náà, ló lọ sí ìlú mìíràn.

Agéwèé ni mo fẹ́. Mùsùlùmí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, àwa sì jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí ìyá mi béèrè ohun tí mo rí lára rẹ̀, mo ní ó gbálẹ̀ nítorí mi. Ìyá mi ní kí n lọ, pé ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ohun tí àṣìṣe mi ṣe sí ìtàn náà rèé. Nínú ìdì kẹsàn-án, ọmọbìnrin oníyọ̀ àti àwọn tó ń bá a rìn dé etí odò, wọ́n bá Bàbá Atukọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, bàbá náà ní, "Ẹ wọlé, mo ti ń retí yín," ó sì tù wọ́n kọjá. Nínú ìdì ìkẹwàá, ọfà bà á, ó kú, wọ́n sin ín pẹ̀lú àjẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni. Ṣùgbọ́n nínú ìwé tiwa, wọ́n á kọ́kọ́ sin ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá dé etí odò, wọ́n á bá a nínú ọkọ̀, àjẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. "Ẹ wọlé, mo ti ń retí yín." Gbogbo ara àwọn tó ń kà á á bù máṣọ. Wọ́n ní ó ti ṣèlérí pé òun á tù wọ́n kọjá, ikú ò sì tó ohun tó lè dá ìlérí dúró.

Ọ̀rọ̀ náà di ti àdúgbò. Bí ẹni tó ti pẹ́ lájò bá dé, wọ́n á ní Bàbá Atukọ̀ ti dé. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ níta á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Ẹ wọlé, mo ti ń retí yín," ọkọ á sì mọ̀ pé ìjà ti dé. Àwọn ọmọ jogún ìwé náà lọ́wọ́ àwọn òbí wọn. Èmi àti ọkọ mi kò sọ nǹkan kan. Ní àkọ́kọ́, ẹ̀rù ọ̀gá ló ń bà wá. Nígbà tí ọ̀gá kú, ìtìjú ló kù. Lẹ́yìn náà, kò jọ ohun tí à ń sọ mọ́.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí a bí kú nígbà tí ọmọ tirẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ náà dàgbà sí. Ọkọ mi ló ń ka ìwé náà fún un ní ìrọ̀lẹ́, lórí àga onígi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tó bá kan ibi etí odò, ọmọ náà á fò sókè: "Ó padà wá!" Ọkọ mi á wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ó padà wá," á sì ṣí ewé. Nígbà tí ọkọ mi náà kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọ-ọmọ mi gbé ìwé náà lọ sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ti di géńdé obìnrin nígbà náà o.

Ní ọdún tó kọjá ni wọ́n wá fi ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe sinimá. Ọmọ-ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn ìwé náà dá ẹ̀wù kan náà, wọ́n lọ wò ó. Mò ń ṣa ẹ̀wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, ojú wọn sì dà bí ojú ẹni tó ti ibi òkú dé.

"Màmá, wọ́n sin ín, ó parí! Wọn ò dá a padà!"

"Ọba olójú méje ọ̀hún ńkọ́? Ojú márùn-ún péré ni mo kà."

"Ìwọ náà ò mọ kíkà, méjì wà lẹ́yìn orí."

Wọ́n gbé ìjà náà lọ sórí fóònù. Àwọn ará Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ní sinimá náà kò yà kúrò nínú ìwé rárá, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ará Ṣómólú, ìwé wo lẹ kà?" Àwọn tiwa dá wọn lóhùn pé ìwé tí wọ́n tẹ̀ lójúlé àwọn ni, ta ló fẹ́ kọ́ àwọn? Òǹkọ̀wé náà ti di olóògbé, kò sí ẹni tí wọn ó bi. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó fún àwọn onísinimá láyè, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Fádèyí lọ́jọ́ Sátidé láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n yàn pé kó sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó dúró níwájú dígí, ó ń fi ọ̀rọ̀ náà kọ́ra. Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ ti ta iṣẹ́ baba yín. Ẹ pa ohun tó dára jù nínú rẹ̀." Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ gbà lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ lọ bú lójú gbogbo ayé nítorí ìdì méjì tí mo gbé sódì. Mo pè é. Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá, kó mú abẹ wá pẹ̀lú.

"Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ìwé mi ṣe?"

Mo gé òwú tí mo ti rán kí ìyá rẹ̀ tó dáyé. Mo to àwọn ìdì náà sórí ẹní. Mo mú ìkẹwàá, mo gbé e sẹ́yìn ìkẹsàn-án, mo ní kó kà á. Ó kà á, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo sọ ti òjò fún un, mo sọ ti òrùlé.

Ó ní, "Kò padà wá."

Mo ní, "Kò padà wá."

"Bàbá mọ̀?"

"Òun ló gé nọ́ńbà rẹ̀ kúrò."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá yẹn! Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló kà á fún mi!" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà yí padà lẹ́nu rẹ̀, mo sì dìde lọ wo ìkòkò lórí iná, kí ó lè ráyè sunkún.

Mo tẹ̀lé e lọ sí Fádèyí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀já aṣọ kan ló fi di ìwé náà dání. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ olóògbé náà, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì wá. Ìwé tiwa ni kò tò. Ìyá tó rán an ló jókòó sẹ́yìn yẹn." Gbogbo orí yí sí mi. Ọmọkùnrin kan ké láti ẹ̀gbẹ́ ògiri: "Irọ́ ni! Wọ́n ti ra Màmá!" Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, eyín mélòó lo rí lẹ́nu mi tí wọ́n ó fi rà mí?" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ olóògbé náà gba ìwé, ó ṣí i, ó sì kà á lórí ìdúró bí àwa ará Ṣómólú ṣe ń kà á, ìsìnkú ṣáájú odò. Nígbà tó ṣe tán, ó ká a, ó dá a padà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà." Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá inú bí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé wọn wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Àwọn kan ní kí n tò ó bó ṣe yẹ. Àwọn mìíràn kàn wá kìlọ̀ fún mi ni pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tàwọn. Ìwé ọmọ-ọmọ mi wà nínú ọ̀já aṣọ rẹ̀, mi ò béèrè. Ó tó oṣù kan kó tó gbé e wá, òun ti abẹ́rẹ́ àti òwú, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi rán an." Mo wò ó. Ó ti fi bírò kọ nọ́ńbà sísàlẹ̀ ewé kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà tòótọ́, kò gbàgbé ewé kan. Ṣùgbọ́n ìdì ìkẹwàá ló tò síwájú, ìkẹsàn-án ló tẹ̀lé e.

Mo rán an bó ṣe gbé e wá.

Orí àga onígi ọkọ mi ni mo ti ń kọ èyí, ìwé náà sì wà lórí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Ó lé e bá lóòótọ́, ó wá jókòó tì í, àwọn méjèèjì sì wà lójú òwú kan báyìí. Ẹni tó bá kà á lẹ́yìn wa á rí i pé nọ́ńbà fò, ó tún padà sẹ́yìn. Kó bi ọmọ-ọmọ mi léèrè. Ó mọ ibi tí bàbá náà kú sí, ó sì mọ ẹni tó dá a padà wá.